Ọpọ́n Méje, Ọpọ́n Mẹ́jọ

Ó ti rẹ Nhàn kí ilẹ̀ ọjọ́ ìdána rẹ̀ tó mọ́. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kò tán lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi dúró de ọkùnrin kan ṣoṣo, ẹ bá mi wò ó! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí òun àti Beng kọ́kọ́ pàdé ti ń lọ sílé ìwé, ó ti mọ ìwé kà, ó ti ń bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Nhàn ṣì wà níbi tó wà, ó ń gún ẹran.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń gún nílé bàbá rẹ̀, ní àdúgbò àwa ará Fiẹtinámù ní Nakhon Phanom, nílẹ̀ Táílàǹdì, létí odò Mekong. Wọ́n á gún un títí á fi kúnná, wọ́n á wé e sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á sè é. Giò là ń pè é. Ìyá Nhàn ló dá òwò náà sílẹ̀. Nígbà tí ìyá fi máa kú, ẹ̀gbọ́n Nhàn kan ṣoṣo ti bá àwọn tó ń padà sí Fiẹtinámù lọ, ó wá ku òun àti Bàbá Khoát, bàbá rẹ̀, àti pẹpẹ ìyá rẹ̀ lára ògiri, níbi tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ tan tùràrí sí láràárọ̀.

Bí òun àti Beng ṣe pàdé, ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ṣáínà ni Beng, ìlú Udon, tó jìnnà sí tiwa, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù àwo tánganran sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, Beng ló sì ń fi ọkọ̀ kó àwo káàkiri ìlú. Lọ́jọ́ náà ó dúró níwájú ìsọ̀ Nhàn, ebi ń pa á.

"Àbúrò, fún mi ní giò méjì."

Nhàn kò gbójú sókè. "Ta ni àbúrò ẹ?"

"Ìwọ ni. Àbí o jù mí lọ ni?"

"Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ?"

"Ọdún Ehoro."

"Ọdún Ológbò ni wọ́n bí èmi."

Beng bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀. "Eku, màlúù, ẹkùn, ehoro... Kò sí ológbò níbẹ̀ o. Ibo lo ti rí ológbò?"

"Nílé wa. Ìwọ lo gbé ehoro wá."

Bàbá Khoát bú sẹ́rìn-ín láti inú ilé. "Ọdún kan náà lẹ ń sọ, ẹ̀yin aláìmọ̀kan! Ibi tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ka ehoro, ológbò làwa ń kà. Ẹgbẹ́ ni yín. Kò sí àbúrò níbẹ̀."

"Oṣù wo ni wọ́n bí ẹ?" Beng kò fẹ́ gbà.

"Oṣù kejì."

Oṣù kẹta ni wọ́n bí Beng. Ó ṣí fìlà, ó tẹ orí ba. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní giò méjì."

Láti ọjọ́ náà, "ẹ̀gbọ́n" ló ń pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń dé, bóyá àwo wà láti tà ní Nakhon Phanom bóyá kò sí. Á jókòó sórí àpótí, á máa já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, á máa sọ bí màmá òun ṣe ń fi igi lé àwọn oníbàárà tó bá ná àwo ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Nhàn á máa rẹ́rìn-ín. Bó bá lọ tán, ilé á dà bí ẹni pé wọ́n kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, Nhàn ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n tí òun lè dá sí i.

Ọ̀rọ̀ délé Beng. Ìyá Beng ní kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ yẹn bá òun ṣeré. Ṣé ológbò àti ehoro lè sùn sílé kan náà ni? Ta ló máa jẹ ta? Beng ṣàlàyé títí pé ọdún kan náà ni. Ìyá ní ẹni tó bá ti pe ara rẹ̀ ní ológbò, òun gbà á gbọ́. Pẹ̀lú ìyẹn, àwọn ará Fiẹtinámù ìgbà náà kò ní ìwé ìlú. Ẹ kò lè kúrò ní Nakhon Phanom lọ sí Udon láìgba ìwé àṣẹ, bí ìwé náà bá sì jáde, ọjọ́ díẹ̀ ló wà fún. Ìyàwó tó máa máa gba àṣẹ kó tó lè wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Bàbá Khoát náà kò fẹ́. "Wàá lọ gbé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìyá rẹ̀," ló sọ fún Nhàn. "Láràárọ̀ wàá gbé tíì fún un lórí ìkúnlẹ̀, àwọn òkú ọ̀run wọn ni wàá máa tan tùràrí fún. Ìyá tìẹ ńkọ́? Ta ló máa rántí rẹ̀?"

"Bàbá, ṣé mo ti ní mò ń lọ ni?"

"Mò ń sọ fún ẹ kí o tó sọ ọ́ ni."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyẹn: bí Nhàn bá lọ, bàbá rẹ̀ ṣẹ́ kù lóun nìkan, bí kò bá lọ, Beng ni kò ní. Òun kò sì fẹ́ pàdánù èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ni wọ́n bá wá alárinà. Ẹni tí wọ́n rí ni Pranom, aláṣọ, ọmọ Táílàǹdì gidi, ẹni tó ń gbé aṣọ olówùú láti Nakhon Phanom lọ tà ní Udon lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ilé méjèèjì mọ̀ ọ́n, ilé méjèèjì fẹ́ràn rẹ̀. Ta ni kò tiẹ̀ fẹ́ràn Pranom? Obìnrin tó tutù bí omi àmù. Àwa ládùúgbò a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé Pranom bá ń jó, á ní ooru mú díẹ̀ lónìí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ti Udon dé, Nhàn ti nu ọwọ́ rẹ̀ nù kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí, kí ni wọ́n wí?"

"Ìyá ní kí n kí yín. Wọ́n ní aṣọ tí mo mú lọ dára."

"Ọ̀rọ̀ wa ńkọ́?"

"Wọ́n ń rò ó." Pranom rẹ́rìn-ín. "Kò séwu. Ó máa yanjú."

Bí Pranom ti jáde tán, Bàbá Khoát mi orí. "Jẹ́ n kọ́ ẹ lọ́gbọ́n. Ará Ṣáínà, bí kò bá fẹ́ ẹ, á máa ka ibi tí o kù sí fún ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa, bí a ò bá fẹ́ ẹ, a ó bi ẹ́ pé ta ni bàbá ẹ. Ṣùgbọ́n ará Táílàǹdì, bí kò bá fẹ́ ẹ, á bọ́ ẹ yó, á sìn ẹ́ sọ́nà, wàá délé tán kí o tó mọ̀ pé wọ́n ti kọ̀ ẹ́."

"Ta ló kọ̀ wá báyìí, Bàbá? Ìyá Beng ni àbí Àǹtí Pranom?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni bàbá wí.

Ọdún kejì kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kẹta, Pranom jókòó síwájú Bàbá Khoát, ó ń fọwọ́ pa etí ìró rẹ̀. "Lọ́dọ̀ tiwa, Bàbá, ọkọ ló ń lọ gbé ilé ìyàwó. Ogún ọdún ni ọkọ mi fi gbé lábẹ́ òrùlé ìyá mi. Kò sẹ́ni tó fi bú u. Ilé, ti ọmọbìnrin ni."

"Lọ́dọ̀ yín nìyẹn," ni bàbá dáhùn. "Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin tó bá ń gbé ilé ìyàwó, ajá tó ń rá wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ ni. Àwọn ará Ṣáínà gan-an á ní ó ta orúkọ ìdílé rẹ̀. Ǹjẹ́ ìyá wo ló máa gbà?"

Pranom ṣí ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. "Kò séwu," ló wí. Nhàn, tó ń wé giò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, rò pé ojú ló ń ti àǹtí nítorí ọ̀rọ̀ ajá yẹn. Kò bèèrè. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mejìdínlọ́gbọ̀n!

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ relé ọkọ tán. Wọ́n bímọ, wọ́n tún bí. Bí wọ́n bá wá ra giò, wọ́n á ní, "Nhàn, ará Udon ẹ ńkọ́?" Á ní, "Ó wà." Kò kúkú parọ́. Aránṣọ kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú wá tọrọ rẹ̀, ọmọ Fiẹtinámù bíi tirẹ̀, ilé rẹ̀ kò ju ojúlé mẹ́rin sí tiwọn lọ. Gbogbo ènìyàn ní kó gbà. Nhàn dúró níwájú pẹpẹ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà títí tùràrí fi jó tán. Ṣé òun kì í ṣe òmùgọ̀ báyìí? Ṣé Beng fẹ́ òun, àbí àṣà wíwá ló ti mọ́ ọn lára? Ó padà sọ fún aránṣọ pé kó má bínú. Oṣù kejì ni aránṣọ gbé ẹlòmíràn níyàwó, ó sì wá ra giò ìgbéyàwó lọ́wọ́ Nhàn. Ayé!

Lọ́dún kẹfà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ tí oníbàárà kankan kò wá, Beng jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò já ewé. Irun funfun méjì ti yọ sí ẹ̀bátí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí níkẹyìn, "ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà."

"Bí o bá fẹ́ ẹlòmíràn, mi ò ní bínú."

"Parọ́ mìíràn."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. "Mo bi Màámi lósù tó kọjá. Wọ́n ní ọwọ́ ilé yín ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣé Bàbá wí nǹkan kan?"

"Bàbá ní ọwọ́ ilé yín ló wà."

"Àǹtí Pranom ńkọ́?"

"Ó ní kò séwu."

Àwọn méjèèjì wo òjò. Ó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn, kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ bi àgbà kọ̀ọ̀kan lójúkojú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ràn dáadáa. Nhàn gé giò kan, ó fún un ní ìdajì, wọ́n jẹ ẹ́.

Lọ́dún kẹsàn-án, ìwé ìlú jáde fún àwa tí wọ́n bí síbí. Nhàn lọ gba tirẹ̀, ó tò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ti lè lọ sí ibi tó bá wù ú. Ọ̀sẹ̀ kejì, Pranom dé pẹ̀lú ìròyìn: Ìyá Beng ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìdána.

"Ṣé wọ́n gbà?" Nhàn kò gba etí rẹ̀ gbọ́. "Ibo la máa wá gbé?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdána ná. Ibi gbígbé á yanjú ara rẹ̀."

Bàbá Khoát jókòó dáadáa. "Ọpọ́n ẹrù ìdána méje. Sọ fún wọn. Kì í ṣe mẹ́fà, kì í ṣe mẹ́jọ. Ọmọbìnrin méje ni n ó tò síwájú ilé láti gbà á lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ti ìyá ẹ wá."

"Kò séwu, Bàbá. Méje."

Kí Pranom tó kúrò nílé, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń to bàtà rẹ̀ tó ti tò tẹ́lẹ̀. Nhàn rí i. Inú rẹ̀ dùn jù láti bèèrè.

Ọjọ́ ìdána pé. Àwọn ọmọbìnrin méje nínú ẹbí Nhàn wọ aṣọ gígùn pupa, wọ́n tò síwájú ilé. Nhàn wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, nítorí àṣà wa ni pé ojú kò gbọdọ̀ rí ìyàwó àfi bí wọ́n bá pè é. Ó ń gbọ́ ìró ọkọ̀. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín dá.

"Mẹ́jọ," ni ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ wí.

Nhàn fi ìka kan ṣí aṣọ ìkélé. Ọkùnrin mẹ́jọ ló dúró lójú títì, ọpọ́n tí wọ́n fi aṣọ pupa bò lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Méje nínú wọn dojú kọ ọmọbìnrin méje. Ẹnì kẹjọ dojú kọ ògiri. Beng wà lẹ́yìn wọn nínú kóòtù dúdú, òdòdó lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti funfun.

Ìyá Beng bọ́ síwájú. Obìnrin kékeré ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. "Mẹ́jọ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun rere, méjì méjì ló ń rìn."

"Méje ni mo ní kí ẹ gbé wá."

"Mẹ́jọ ni mo rán sí yín, wọ́n sì ní ẹ gbà!"

"Méje ni mo rán sí ẹ̀yin náà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbà!"

"Èmi? Méje?" Ìyá Beng fọwọ́ lé àyà. "Ilé òkú nìkan là ń gbé òǹkà tó bá ṣẹ́ ku ọ̀kan lẹ́yìn méjì méjì lọ. Ṣé kí n wá ṣọ̀fọ̀ ọmọ mi láàyè ni?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, òǹkà tó bá pé, ó ti parí, kò sí ohun tó tún ń bọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ ku ọ̀kan ló ń retí ọmọ. Ẹ gbé ọ̀kan padà sínú ọkọ̀."

"Kí n dá ìbùkún ọmọ mi padà? Láéláé! Ẹ kúkú wá ẹnì kan kún àwọn ọmọ yín."

"Ẹ ò lè wá kọ́ mi bí mo ṣe máa fọ́mọ fọ́kọ nínú ilé mi!"

Pranom wọ àárín wọn, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń já lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun. Ṣé ká kúkú sọ ọ́ di mẹ́sàn-án? Lọ́dọ̀ tiwa, mẹ́sàn-án ni ìlọsíwájú..."

"Pranom, gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" ni àwọn méjèèjì pa pọ̀ wí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ìyá Beng pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ìwọ̀sí! Èmi tí mo ti yọ̀ǹda ọmọ mi! Àkọ́bí mi! Láti ọdún kẹta ni mo ti ní kó wá gbé ilé yín bí ẹ kò bá lè dá wà. Àbúrò rẹ̀ á dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí ẹ ṣáà fẹnu bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ kò bẹ̀ mí. Ẹ gbé mi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé mi ò jẹ́ nǹkan kan."

Bàbá Khoát wò ó. "Ọmọ wo?" ló wí. "Èmi ni mo ní kí ẹ wá mú ọmọ mi lọ. Lọ́dún kẹrin. Mo ní kí ẹ má sọ fún un, kó má baà kọ̀ nítorí mi. Mo ní n ó máa tan tùràrí ìyá rẹ̀ fúnra mi. Mo dúró. Mo ní àwọn ará Ṣáínà kò tiẹ̀ ka àwa sí ẹni tí wọ́n lè dá lóhùn."

Kò pẹ́ tí orí gbogbo fi yí sọ́dọ̀ Pranom.

Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n omijé ti ń gba àárín rẹ̀ kọjá. "Ìyá, ẹ ní kí n sọ pé kí wọ́n bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n bàbá ti ní ajá ló ń gbé ilé ìyàwó. Báwo ni n ó ṣe gbé ọ̀rọ̀ Beng dé iwájú wọn, kí wọ́n tún bú ọmọ yín? Bàbá, ẹ̀yin náà ní kí wọ́n wá mú Nhàn. Ṣùgbọ́n ìyá ti ní àwọn ò fẹ́ ológbò nílé àwọn. Bí mo bá jẹ́ iṣẹ́ yín, tí wọ́n wá kọ̀ ọ́, ojú á tì yín. Mi ò fẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n dúró díẹ̀, kí ọkàn gbogbo yín rọ̀ ná."

"Ó ti rọ̀, Àǹtí."

Nhàn ló sọ̀rọ̀. Ó ti jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ìyàwó tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè, ó dúró lójú ọ̀nà nínú aṣọ pupa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin kígbe pé "Háà! Wọlé padà!" Kò tiẹ̀ gbọ́ ọ.

"Ó ti rọ̀ láti ọdún kẹrin," ló tún wí.

Ó rò pé inú máa bí òun. Ó dúró de ìbínú náà, kò wá. Ohun tó wá ni ìbànújẹ́, ó sì wá pẹ̀lú òǹkà. Ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún tí ìlẹ̀kùn méjèèjì fi ṣí sílẹ̀, tí òun jókòó síta nínú òjò. Ó sì mọ̀, ohun tó dùn ún jù nìyẹn, pé kì í ṣe Pranom nìkan. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn baba wa ti sọ ọ́. Òun ní ẹnu. Beng ní ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ ní ìgbéraga, ìyá Beng náà ní i. Gbogbo wọn ti di ọ̀rọ̀ ayé wọn sí ẹ̀yìn obìnrin kan tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ tó korò fún ẹ̀dá alààyè, wọ́n sì ní kó máa gbé e lọ gbé e bọ̀.

"Nhàn, mi ò mọ̀," ni Beng wí.

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. O ò bèèrè. Èmi náà ò bèèrè."

Ìyá Beng nu ojú. "Kò burú. Bó ti rí yìí, ẹ mú Beng. Mo ti sọ ọ́, mi ò ní yí i padà."

"Rárá o," ni Bàbá Khoát wí kíá. "Ẹ̀yin lẹ máa mú Nhàn. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé mo gba ọmọ opó lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ta ló ní opó? Mo láwọn ọmọ mìíràn nílé!"

"Ẹ gbà á, mo ní!"

"Mi ò gbà á! Ẹ̀yin ni kí ẹ gbà á!"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Àwọn tó ti ń ja ìjà mi-ò-fún-ọ láti ọjọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ìjà gbà-á-tipátipá.

"Beng," ni Nhàn wí. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n àwọn àgbà dákẹ́. "Ibo lo fẹ́ gbé? Má wo màmá ẹ. Má wo ojú Àǹtí Pranom. Èmi ni kí o dá lóhùn."

Gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn, "jẹ́ n bi Màámi ná" ni ìdáhùn Beng sí ohun gbogbo. Bó bá tún sọ ọ́ lónìí, Nhàn mọ̀, òun máa wọlé, òun máa bọ́ aṣọ pupa yìí, òun á lọ gún ẹran, kò sì ní í sí ọdún kẹwàá.

Beng wo òdòdó ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e fún ẹni tó sún mọ́ ọn. "Níbí," ló wí. "Níbí ni mo fẹ́ gbé. Láti ọdún kejì ni mo ti fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé Bàbá á máa fi ojú ajá wò mí."

Bàbá Khoát wú ikọ́. Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, gbogbo gíga rẹ̀. "Kọ́bọ́ọ̀dù wa kò tiẹ̀ ga tó," ló wí. "O ò lè wọ abẹ́ rẹ̀." Ó sì yí padà, ó wọlé kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin méje gba ọpọ́n méje. Ọkùnrin kẹjọ ṣì gbé tirẹ̀ dúró. Nhàn fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sójú títì, ó gba ọpọ́n náà, ó gbé e kọjá níwájú ìyá Beng, ó gbé e wọlé. Kò sí àṣà ibì kankan tó ní kí ìyàwó gbé ẹrù ìdána ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Wọ́n ṣe ìyókù bó ṣe yẹ. Wọ́n tan tùràrí, wọ́n gbé tíì, ìyá Beng gba tiẹ̀ lọ́wọ́ Nhàn, ó mu ún tán pátápátá. Pranom wà nílé ìdáná, ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí, títí ìyá Beng fi lọ fà á lọ́wọ́ wá jókòó, tó ń bú u, tó tún ń bu oúnjẹ fún un. Alárinà tó yẹ kó ti yẹ̀bá láti ọdún gbọọrọ!

Nígbà tí àwọn ènìyàn ń jẹun lọ́wọ́, Nhàn àti Beng ráyè jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Kò sí èyí tó lè jẹun nínú wọn.

"À bá ti bí mẹ́ta báyìí," ni Beng wí.

"Mẹ́ta? Ìyá ẹ á ní òǹkà òkú ni."

"Mẹ́rin, nígbà náà."

"Bàbá mi á lé wa jáde."

Nhàn fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ṣùgbọ́n ó dé àárín, ó yí padà, ó di ẹkún. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni. Ó lè bí ọ̀kan, ó lè bí méjì, ó sì lè má bí rárá, òun àti Beng mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín bò ó fún wọn mọ́. Nhàn gbé orí lé èjìká ọkùnrin náà lójú gbogbo ẹbí, ohun tí a kì í ṣe, ó sì sunkún débi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàbá Khoát rí wọn láti ibi tó jókòó. Ó kọjú sí ògiri, ó ń jẹun lọ.